Bí Mo Ṣe Din Ìbọn ní Dagenham

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fẹ̀yìntì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mi ò ní ewú lórí, eyín mi pé, ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìntì. Láàárọ̀, mo máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Becontree Heath pẹ̀lú àwọn bàbá òyìnbó tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n á máa sọ ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, èmi náà á sì máa sọ tèmi. Wọ́n rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe, tí òfin wá ní kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́, kí lẹ fẹ́ pè é? Owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló kù tí wọn ò fún mi.

Torí náà, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má wo ti pé húùdì ni àgbà náà wọ̀.

Iṣẹ́ ìbọn ni mo ṣe. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń rò yẹn o. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gan-an, tí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn. Ìbọn oníwèé àṣẹ ni, èyí tí àwọn tó ń pa ehoro lóko àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lápá Essex. Ìbọn kékeré ni, tó ń ki ọta fúnra rẹ̀: tí o bá yìn ín, irin kan tí à ń pè ní bọ́lìtì á sá sẹ́yìn nínú ikùn ìbọn, á ju èèpo ọta dànù, á tún sáré padà wá ki òmíràn. Wọ́n á wá dé sáílẹ́ńsà mọ́ ọn lẹ́nu, bíi ti mọ́tò, kí ariwo má baà lé ehoro yòókù sá wọ ihò. Tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ti ṣiṣẹ́ títí, inú rẹ̀ á dọ̀tí. Àwa là ń tú u, là ń nù ún, là ń fi ọ́ìlì sí i, tá a sì ń dá a padà fún olówó rẹ̀.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn láti sọ. Mọ́mì mi fẹ́ kí n di apòògùn. Mo wọ yunifásítì, mo ṣe ọdún kan, mo tún ọdún kan náà ṣe, ọdún náà wá sọ pé òun ò fẹ́ rí mi mọ́. Mo padà sílé ní Alibon, mo sùn títí ìbùsùn fi mọ bí ara mi ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ pé bàbá kan ń wá ẹni tó máa máa gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo mọ ilẹ̀ gbá. Owó ibẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi.

Bàbá Ṣódípọ̀ lorúkọ ọ̀gá mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn sì jẹ́ ilé onípáànù kan lẹ́yìn Dagenham East. Sójà ìjọba òyìnbó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń tún ìbọn ṣe fún àwọn sójà tó kù títí irun wọn fi funfun. Tí wọ́n bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí òyìnbó ni. Tí wọ́n bá ń bá mi wí, Abẹ́òkúta ni. Ìyàwó wọn ti kú, wọn ò bímọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé kí ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo ní mò ń kọ́ṣẹ́ apòògùn. Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, “Apòògùn, ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti pè mí ní Káyọ̀dé mọ́.

Mo gbálẹ̀ pẹ́. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni, kò sí nǹkan kan nínú. Mo gbé e, mo yí padà láti bi wọ́n léèrè nǹkan kan, ẹnu ìbọn náà sì kọjú sí kẹ́tùlù. Kẹ́tùlù o, kì í ṣe èèyàn. Bàbá ní kí n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde lọ dúró sí ẹnu géètì, nínú òjò, kí n máa bẹ kẹ́tùlù títí yóò fi dárí jì mí. Àwọn tó ń kọjá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ń wò mí. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n da tíì sí kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, tiwọn, wọ́n ní ìbọn ní àpátí, kò ní àpátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Omi ń jò nínú etí mi.

Aṣọ funfun ni wọ́n ní kí n máa wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo nǹkan ti ń dọ̀tí! Mo rò pé orí wọn ti ń yí ni. Mo wá mọ ìdí rẹ̀. Tí mo bá ti fi ọ́ìlì sí ìbọn tán, tí mo ní ó ti parí, wọ́n á gbé bọ́lìtì náà, wọ́n á nù ún mọ́ mi láyà. Tí ọ́ìlì bá yọ lára ṣẹ́ẹ̀tì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní, “Apòògùn, ọbẹ̀ lo sè yìí. Ta lo sè é fún?” Ohun tí wọ́n ń fà yọ ni pé ọ́ìlì kì í ṣe ọbẹ̀, kì í pọ̀ kó dùn. Ẹ̀kán kan lórí ìka, wà á fà á tẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí irin ti ń ha irin, wà á sì tún nù ún bí ẹni pé o kábàámọ̀ pé o fi sí i. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń padà sílé bí ẹni tí wọ́n fi ọ́ìlì wẹ̀. Mọ́mì á wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, á wo èmi, á wo òkè.

Sáílẹ́ńsà ló sọ ọ̀rọ̀ náà di líle. Èéfín tó yẹ kó gba ẹnu ìbọn jáde, sáílẹ́ńsà á dí i lọ́nà, apá kan rẹ̀ á wá padà sẹ́yìn sínú ikùn ìbọn. Èéfín, ẹ̀tù tí kò jóná tán, òjé láti ara ọta, gbogbo rẹ̀ á wọ inú bọ́lìtì. Tí ọ́ìlì bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á pò pọ̀, á dà bí ọṣẹ dúdú. Bàbá kọ́ mi láti fetí gbọ́ ọ. Ìbọn tí kò ní sáílẹ́ńsà, ariwo rẹ̀ bo gbogbo àṣírí rẹ̀. Èyí tó ní, ohùn bọ́lìtì lo máa gbọ́. Tó bá gbẹ jù, á dún kẹ́n, bí ìgbà tí wọ́n lu abọ́. Tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, á dún fọ̀ọ̀, bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Èyí tó dára, ṣàkí. Mo gbọ́ ṣàkí náà nínú oorun. Mo máa ń fi ẹnu dún un nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn á sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà níṣojú wa. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀pá gígùn àti àkísà ni, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ yẹ́úkẹ́yẹ́úkẹ́. Sáílẹ́ńsà ìgbà náà, irin gidi ni, o lè rì í sínú omi kẹ́míkà líle kó mọ́. Àwọn tuntun wá dé tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí agolo mílíìkì, omi líle kan náà á sì jẹ wọ́n tán bí ikán. Bàbá wá ra ẹ̀rọ kan tó dà bí agbada kékeré. Wà á da omi sí i, wà á ki irin bọ̀ ọ́, á máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí á sì máa jáde bí ẹni pé wọ́n ń lé ẹ̀mí èṣù. Bàbá dúró tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ní, “Apòògùn, èyí ṣiṣẹ́ jù ẹ́ lọ, kò sì jẹ oúnjẹ mi.”

Ohun kan wà tí kò yí padà. Ìgò ọ́ìlì. Kóówá ló ní ìgò tirẹ̀, kékeré báyìí, tó wọ àpò. Bàbá fúnra wọn ló ń kún un láti inú agolo ńlá. O ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni, o ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, tó o bá ń lọ sílé, àpò rẹ ló máa wà. Ní bárékè, nígbà èwe wọn, ẹnì kan ti fi ìkà da nǹkan mìíràn sí ìgò ẹlòmíràn, sójà kan sì ti ibẹ̀ di aláàbọ̀ ara. Wọ́n ní ọ̀tá lè wà níbikíbi, àfi nínú àpò rẹ. Ìlànà tí bàbá yìí fi ń ṣọ́ra fún ọ̀tá, òun ni mo gbé wọlé lọ bá ìyá mi.

Ọdún ń gorí ọdún. Èmi tí mi ò lè parí ohunkóhun láyé mi, títí kan oúnjẹ òwúrọ̀, mo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣẹ́ẹ̀tì mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àwọn oníbàárà ń béèrè mi. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Pam, ehoro ló ń bá àwọn àgbẹ̀ pa, ó sì ti ń bá Bàbá bọ̀ kí n tó débẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ ní èmi ni kí n máa ṣe ìbọn òun, kì í ṣe Bàbá. Bàbá ṣe bí ẹni pé ó dùn wọ́n. Kò dùn wọ́n.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ lọ́dún kan, Bàbá pè mí jókòó. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, wọ́n fẹ́ sinmi. Ọkùnrin kan ní Romford fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní àwọn ò tíì dá a lóhùn. Láti ìsinsìnyí títí di ọdún Àjíǹde, èmi nìkan ni màá máa ṣe gbogbo ìbọn tó bá wọlé. Tí ọ̀kankan ò bá padà wá nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n á mú mi lọ bá àwọn ọlọ́pàá tó ń fúnni ní àṣẹ, wọ́n á fi orúkọ mi rọ́pò tiwọn, ṣọ́ọ̀bù á di tèmi. Tí ọ̀kan bá padà wá, Romford ló ni ín.

Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Mo ń dún ṣàkí lójú títì.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Mọ́mì mi jẹ́, nítorí ibẹ̀ la ti máa kọsẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n ń gba èébú. Tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ìjọ ló kàn. Aládùúrà ni wá. Mọ́mì gba òróró àdúrà gbọ́ ju bí dókítà ṣe gba abẹ́rẹ́ gbọ́ lọ. Ó wà nínú ìpara mi, ó wà nínú ṣampú mi. Wọ́n ti kán an sí ojú kọ́kọ́rọ́ ilé wa rí kí olè má baà wọlé, láti ìgbà náà, àwa gan-an ń jà kí a tó wọlé. Ọ̀rọ̀ ìbọn ò yé wọn. Ní ìjọ, wọ́n máa ń sọ pé ẹnjiníà ni mí. Tó bá wá ku àwa méjì, wọ́n á ní, “Káyọ̀dé, ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ o.” Mo ní ehoro ni, Mọ́mì. Wọ́n ní ehoro náà ní ẹ̀jẹ̀.

Ẹ mọ àṣà ìjọ wa: tí èèyàn ò bá wá, aṣọ rẹ̀ lè wá. Àsìkò yẹn, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti sùn lọ, Mọ́mì gbé jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ ṣiṣẹ́ lọ síbi ìsọjí kan, kí wọ́n gbàdúrà sí i. Wòlíì gbé aṣọ náà sókè, ìgò já bọ́ láti inú àpò. Wọ́n ṣí i, ọ́ìlì ni. Gbogbo ìjọ hó. Wòlíì ní ṣé ẹ rí i, Ẹ̀mí ti lọ ṣíwájú, ọmọ yìí ti gbé ìgò rẹ̀ wá kí wọ́n tó rán an. Wọ́n da ọ́ìlì Bàbá dànù, wọ́n fi òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí dípò rẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n gbàdúrà pé ohunkóhun tí mo bá fi kàn, kò ní lè pa èèyàn. Mọ́mì dá a padà sínú àpò, wọ́n sì gbé jákẹ́ẹ̀tì náà kọ́ síbi tí mo gbé e kọ́ sí. Wọn ò sọ fún mi. Àánú tí a ń ṣe níkọ̀kọ̀ ló lérè, wọ́n ní.

Mo fi í ṣiṣẹ́. Kí ni kí n ti mọ̀? Ṣọ́ọ̀bù gbóná, hítà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òróró náà fà tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa. Bàbá nu bọ́lìtì mọ́ mi láyà, kò sí àbàwọ́n. Wọ́n yìn ín wò, ṣàkí. Wọ́n mi orí. Òórùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n èmi tí ìyá mi ti fi òróró yẹn pa láti kékeré, ara mi ni mo rò pé ó ń rùn. Mo ṣe ti Pam, mo ṣe ti àwọn mìíràn, wọ́n gbé wọn lọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, òtútù kan mú tí koríko fi funfun. Gbogbo ẹni tó ti dáná rí ló mọ ohun tí òróró ólífì ń ṣe nínú òtútù: á dì. Pam wà lóko àgbẹ̀ kan lápá Upminster láàárọ̀. Òróró náà ti pò mọ́ èéfín tí sáílẹ́ńsà dá padà, ó ti dì mọ́ bọ́lìtì. Bọ́lìtì sáré padà, kò dé ilé tán. Pam fi àtàǹpàkò tì í. Ìbọn náà dún nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Dígí ojú rẹ̀ ló gba ojú rẹ̀ là. Èèpo ọta bẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó wọ̀ ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì gé orí àtàǹpàkò náà.

Ó gbé ìbọn náà padà wá fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Kò pariwo. Ó ní ọlọ́pàá ti béèrè lọ́wọ́ òun ní ọsibítù, wọ́n ń bọ̀ wá bá wa. Ó wá wò mí, ó ní èmi tí mo máa ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ì bá kúkú bú mi.

Nígbà tó lọ, Bàbá tú ìbọn náà. Wọ́n fi ìka kan ohun tó wà lára bọ́lìtì, wọ́n fà á, wọ́n gbé e sí imú. Ìka náà dúró níbẹ̀ pẹ́.

“Apòògùn.”

“Sà.”

“Ta ló gbàdúrà sí ìbọn mi?”

Mo ní mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lóòótọ́, mi ò mọ̀.

“Aládùúrà ni ìyàwó mi títí wọ́n fi sin ín. Ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn, bó ṣe ń rùn nìyí. Mú ìgò ẹ wá.”

Wọ́n da díẹ̀ sínú ìdérí, wọ́n gbé e síta fèrèsé nínú òtútù, àwa méjèèjì dúró, à ń wò ó. Ó dì bí àdí. Mo fóònù Mọ́mì níbẹ̀. Inú wọn tiẹ̀ dùn pé mo wá mọ̀. Wọ́n rọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi láti orí jákẹ́ẹ̀tì títí dé orí halelúyà. Bàbá ń gbọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ ohun kan tí mi ò retí. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́. Àwọn náà yẹ ìbọn yẹn wò, àwọn náà ní ó dára. Kí Mọ́mì wá lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, pé àwọn ni, pé èmi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó máa fi wọ́n sẹ́wọ̀n nítorí àdúrà. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ mi mọ́, àdéhùn wa ṣì dúró.

Mo sáré délé. Mọ́mì ń gé ẹ̀fọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: Pam, àtàǹpàkò, ọlọ́pàá, ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ náà ò dúró.

“Káyọ̀dé, ṣé kí n dúró níwájú ọlọ́pàá, kí n ní òróró Ọlọ́run ló gé obìnrin lọ́wọ́?”

“Mọ́mì, Ọlọ́run kọ́. Òtútù ni.”

“Ọlọ́run ló ni òtútù.”

Mo kúnlẹ̀. Èmi tí mi ò kúnlẹ̀ nígbà tí yunifásítì lé mi. Mo ní, Mọ́mì, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé nìyí. Ọ̀bẹ wá dúró.

“Àwọn ìyá arúgbó tí mò ń wẹ̀ yẹn,” wọ́n ní, ohùn wọn ti wálẹ̀, “kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n, ọlọ́pàá ló yẹ orúkọ mi wò. Ọdọọdún ni wọ́n ń béèrè bóyá ó ṣì mọ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé mo da nǹkan sínú ìbọn, tí èèyàn sì fara pa, ta ló máa jẹ́ kí n tún wẹ ìyá òun? Ọmọ ọdún mélòó ni mí tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ míì? Ìwọ ṣì kéré.”

Wọ́n ní àwọn á gbàdúrà sí i, àwọn á rí i bóyá àwọn á wá.

Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá ń bọ̀, Bàbá de táì. Wọ́n gbálẹ̀ fúnra wọn, èyí tí mi ò rí rí. Wọ́n ra bisikíìtì olówó gọbọi nítorí ìyá kan ń bọ̀, wọ́n sì gbé àga onítìmùtìmù láti ọ́fíìsì wá fún un. Mo pe fóònù Mọ́mì, wọ́n ti pa fóònù náà. Mo tún pè é. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀, bóyá wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú irin. A kì í wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilé wa débẹ̀, Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́pàá méjì dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n jókòó. Obìnrin yẹn ló jókòó sórí àga Mọ́mì. Ó béèrè pé kí ló wọ inú ìbọn náà. Bàbá wò mí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi bí ẹni fi ọmọ sílẹ̀ létí odò.

Mo ní èmi ni. Mo ní ọ́ìlì mi tán, mo sì ya ọ̀lẹ láti lọ gba òmíràn, mo wá lo òróró oúnjẹ.

Ó ní, òróró oúnjẹ wo?

Mo ní, èyí tí a fi ń din dòdò.

Ọkùnrin yẹn tẹ orí mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó tún un béèrè, mo tún un sọ. Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń pè mí ní olódo. Ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi pe ara mi bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Wọ́n kìlọ̀ fún Bàbá, wọ́n sì ní ẹni bí èmi ò gbọdọ̀ tọ́jú ìbọn ẹnikẹ́ni mọ́, kí á má tilẹ̀ sọ pé kó ní ṣọ́ọ̀bù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ òótọ́, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Nígbà tí wọ́n lọ, Bàbá ń tú táì wọn. Mo ní, “Bàbá, ìyá mi ni, sà.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi já ẹ nírọ́ nìyẹn.” Wọ́n ká táì náà. “Ṣùgbọ́n Pam á gbọ́. Gbogbo wọn á gbọ́ pé Ṣódípọ̀ kọ́ ọmọ tó ń fi òróró dòdò kun ìbọn. Orúkọ mi lo din, Apòògùn.”

Wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù náà fún ọkùnrin Romford kí Àjíǹde tó dé. Wọn ò pè mí láti ìgbà náà, èmi náà ò ní ojú tí màá fi pè wọ́n. Àwọn oníbọn ní ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún mi lórúkọ, Ọ̀gá Ṣípìsì, bí ẹni tó ń din ọ̀dùnkún tà. Ẹnì kan béèrè bóyá iyọ̀ àti ata wà lára ìbọn náà. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò, tí wọ́n bá ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ni oògùn ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìfẹ́. Apòògùn tí mo fẹ́ jẹ́ tẹ́lẹ̀, oògùn yẹn ò sí nínú ìwé rẹ̀.

Mo sọ fún Mọ́mì ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, ẹran inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n dìde láti jẹ́rìí. Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn ní wà lẹ́nu iṣẹ́ ikú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn gbàdúrà, Ọlọ́run sì fà á jáde níbẹ̀, láìsí ẹni tó fara pa. Ojú wọn ò kúrò lára ògiri bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wòlíì ní kí ìjọ hó, ìjọ hó. Orin bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì wá síbi tí mo jókòó sí nínú aṣọ funfun mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fà mí síwájú.

“Jó, Káyọ̀dé,” wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. “Jọ̀ọ́.”

Iṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyá arúgbó ń dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Monday. Mo wo àtàǹpàkò ara mi.

Mo jó.